Ẹ̀rọ Tí Ó Tọ́ sí Rọ́ọ̀gì Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjòyè. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni.

Láyé àtijọ́, ẹní ni àwọn òbí wa ń tẹ́ sí ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a ká ẹní, wọn a gbọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, wọn a sì sá a sí oòrùn. Eruku ti bá atẹ́gùn lọ nìyẹn. Lónìí, rọ́ọ̀gì ni ó gba ipò ẹní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ẹ wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Ẹ wọ pálọ̀ àwọn ilé tí ìjọba Lateef Jakande, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, kọ́ sí Ìbà. Ẹ wọ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Okokomaiko: rọ́ọ̀gì ni ẹ ó bá nílẹ̀. Rọ́ọ̀gì dára. Ó mú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tutù sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè ká a láràárọ̀ bí ẹní. Àga wà lórí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà lórí rẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ohun tí ẹní ń jù dànù, ńṣe ni rọ́ọ̀gì ń gbé e mì.

Èmi fúnra mi kò tètè mọ èyí. Ní ọdún kan, ní àkókò ọyẹ́, ọmọ mi tí ó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru. Bí ó bá ti na ara sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì láti wo tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, ikọ́ dé. Àyà rẹ̀ a sì máa dún bí fèrè. A ní òtútù ni. A fi òrí pa á lára, a fún un ní àgbo, ikọ́ kò lọ. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí ó yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ tẹ́ sí ilẹ̀ ilé yín? Ìgbà wo ni ẹ sì yọ eruku inú rẹ̀ gbẹ̀yìn?" Mo dá a lóhùn pé ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń gbá rọ́ọ̀gì wa. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Gbígbá yàtọ̀ sí yíyọ o."

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Gbígbá yàtọ̀ sí yíyọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìtànṣán oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá rọ́ọ̀gì díẹ̀, kí ẹ sì wo inú ìtànṣán náà. Ẹ ó rí eruku tí yóò máa fò lọ fò bọ̀ bí ikán abìyẹ́ lẹ́yìn òjò. Ìgbálẹ̀ kó pàǹtí ńláńlá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku kíkúnná gòkè lọ, ó wọ imú yín, ó sì tún padà bà sórí rọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ bá ti fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Nínú eruku yìí ni ọ̀tá mìíràn tún wà. Kòkòrò kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Èépá ara tí ń bọ́ lára wa lójoojúmọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands sọ fún aráyé pé kòkòrò yìí gan-an ni ó wà nídìí àìsàn tí eruku ilé ń fà. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ru ikọ́ fée sókè, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Ibi tí ó móoru tí ó sì ní ọ̀rinrin ni kòkòrò yìí fẹ́ràn. Ẹ̀yin náà ẹ wo Ọ̀jọ́ àti àyíká rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sà àti odò tí ó yí wa ká. Kí ni kòkòrò yìí tún ń wá?

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti í borí ooru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ yìí kan náà ni ó ń gbé eruku wọlé tọ̀ wá. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń kó o bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ní orílẹ̀-èdè Chad tí a ń pè ní Bodélé. Bí ọyẹ́ bá lọ, òjò a dé, ẹrẹ̀ a sì bá bàtà wọlé. Ti iyanrìn ńkọ́? Ilẹ̀ etí òkun ni ilẹ̀ wa, iyanrìn kò wọ́n. Ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ títì Èkó sí Àgbádárìgì kò sì lè gbàgbé iye eruku tí ẹ ti jẹ láti ọdún 2009 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà. Iyanrìn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ó mú bí ayùn. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó ń gé òwú rọ́ọ̀gì nísàlẹ̀. Rọ́ọ̀gì tí a kò yọ iyanrìn inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbó.

Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé, ìbẹ̀rù mú mi. N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kó owó lé ọwọ́, mo di ọjà. Mo rí ẹ̀rọ ńlá kan, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ń dán gbinrin. Mo ní bí ó bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mọ iṣẹ́ tó. Mo fi ọkọ̀ gbé e délé, ìyàwó àti ọmọ pé jọ láti wo ìran. Mo ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tan án. Ó ké bí ẹranko tí a dá lóró, èéfín yọ, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan. Owó mi ti lọ nìyẹn, eruku sì wà níbi tí ó wà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sí èyí. Fóòtì ni a fi ń wọn ipá tí iná mọ̀nàmọ́ná fi ń ti ara rẹ̀ la wáyà já, bí omi inú táńkì gíga ṣe ń ti ara rẹ̀ la páìpù já. Ní Nàìjíríà, iná ilé wa jẹ́ bí 230 fóòtì. Ní Amẹ́ríkà, 120 fóòtì ni. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120, tí a wá fi 230 lù, dà bí ọmọdé tí a di ẹrù géńdé lé lórí. Ohun tí ó lè gbà á là ni ẹ̀rọ mìíràn tí ń dín ipá iná kù, èyí fúnra rẹ̀ wúwo, ó sì ń gba owó. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye owó ẹ̀rọ kankan, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka àkọlé ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 220 títí dé 240, ó dára. Bí ẹ bá rí 110 tàbí 120 nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí ni mo tó jókòó ronú. Mo wá rí i pé ìbéèrè tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi kì í ṣe pé, "Ẹ̀rọ wo ni ó tóbi jù?" bí kò ṣe pé, "Irú ìdọ̀tí wo ni mo fẹ́ yọ?" Ìdọ̀tí rọ́ọ̀gì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí ó wà lókè: èérún búrẹ́dì, irun, iyanrìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Èkejì ni eruku kíkúnná tí ó ti rì wọ ìsàlẹ̀ òwú. Ẹ̀kẹta ni àbàwọ́n àti ìdọ̀tí tí ó ti lẹ̀ mọ́ òwú fúnra rẹ̀, bí epo, ìtọ̀ ọmọ tàbí ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni aráyé sì ti ṣe fún wọn.

Fún ti èkíní, ẹ̀rọ kan wà tí kò jẹ iná rárá. Ní ọdún 1876 ni Melville Bissell, ọkùnrin kan tí òun àti aya rẹ̀, Anna, ń ta àwo ní ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi ń di àwo kí ó má baà fọ́ ni ó máa ń dà sí rọ́ọ̀gì ìsọ̀ wọn, tí kò sì ṣeé gbá. Nígbà tí Melville kú ní ọdún 1889, Anna ni ó gba ilé iṣẹ́ náà, tí ó sì ń darí rẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni ẹ̀rọ yìí, ó ní ọ̀pá gígùn àti ẹsẹ̀ kéékèèké tí ń yí. Bí ẹ bá ń tì í lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yí búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì a sì máa ju ìdọ̀tí sínú àpótí. Ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ tí a ń ṣe lónìí kò wúwo ju kílò kan tàbí méjì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tì í. Bí a bá mú iná lọ, iṣẹ́ kò dúró. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo wọn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní yàrá kan, tàbí ìyá àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ má tàn ara yín jẹ: kò lè fa eruku tí ó ti rì sísàlẹ̀.

Ẹni tí ó ń wá ti ìsàlẹ̀ ni yóò lo ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ní ọdún 1901, Hubert Cecil Booth, ẹnjiníà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn lu ìdọ̀tí. Ó ní, "Èéṣe tí wọn kò fi fà á dípò kí wọ́n fẹ́ ẹ?" Ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí tìmùtìmù àga, ó fi ẹnu fà á, ó sì rí i pé eruku lẹ̀ mọ́ abẹ́ áńkáṣíìfù náà. Ó ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀hún tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin ni ó ń fà á. Òde ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n á na ọ̀pá rọ́bà gba ojú fèrèsé wọ inú ilé. Ní ọdún 1902, òun ni wọ́n fi fa eruku rọ́ọ̀gì ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Ọba Edward Keje jẹ.

Ta ni ó wá sọ ẹ̀rọ yìí di ohun tí ọwọ́ kan lè gbé? Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í ṣe ẹnjiníà ńlá. James Murray Spangler ni, agbálẹ̀ ilé ìtajà kan ní ìlú Canton ní Amẹ́ríkà. Ikọ́ fée ń bá a jà, eruku tí ó ń gbá lójoojúmọ́ sì ń pa á lára. Ó mú mọ́tò fáànù, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó fi àpò ìrọ̀rí ṣe ibi tí eruku yóò máa rọ̀ sí. Ní ọdún 1908 ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, tí ó sì ta á fún ìdílé Hoover. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ikọ́ tí ó ń yọ ọmọ mi lẹ́nu ní Okokomaiko ni ó bí ẹ̀rọ yìí ní Canton.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Bí ẹ bá fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà, ẹ kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú sítírọ́ọ̀ kúrò ni, afẹ́fẹ́ ìta a sì ti mínírà gòkè láti dí àyè tí ó ṣófo. Fáànù inú ẹ̀rọ ni ó ń ṣe bí ẹnu yín. Ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ mìíràn a sáré gba ẹnu ẹ̀rọ wọlé, a sì gbé eruku lọ́wọ́. Àpò tàbí asẹ́ ni yóò dá eruku dúró. Asẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, eruku kíkúnná yóò gba ẹ̀yìn jáde padà sínú yàrá. Ẹni tí ó ní ọmọ tí ó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ bèèrè asẹ́ tí a ń pè ní HEPA. Nínú 100 ègé eruku kíkúnná, ó ń mú ju 99 lọ.

Ẹ̀rọ kẹta ni èyí tí ń fọ rọ́ọ̀gì. Ó ń wọ́n omi ọṣẹ sórí rọ́ọ̀gì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì bó o, ó sì ń fa omi ìdọ̀tí padà sínú àgbá mìíràn. Ìríran tí ń ṣíjú ẹni ni bí ẹ bá rí bí omi inú àgbá náà ṣe ń dúdú! Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ìwúwo rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kílò 6 ní òfìfo, tí ẹ bá bu lítà 4 omi sínú rẹ̀, ó di kílò 10. Ìdá kan nínú márùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ta ni yóò máa gbé e gun àtẹ̀gùn? Oríṣi kékeré rẹ̀ wà tí a fi ń fọ ojú kan ṣoṣo tí àbàwọ́n wà, tí ọwọ́ kan gbé. Ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà lè rà á. Ẹ̀rọ ńlá tí ènìyàn yóò lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún kì í ṣe ohun tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ rà. Àwọn ìdílé mẹ́rin nínú ilé kan lè dá àjọ, kí wọ́n rà á pọ̀. Rọ́ọ̀gì kékeré tí ó ṣeé ká, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fọ mọ́tò, kí wọ́n bá yín fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi kọ́ ara ògiri fún oòrùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ iná. Wáàtì ni ó ń sọ bí ẹ̀rọ ti ń jẹ iná tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ tí wáàtì rẹ̀ pọ̀ ni ó ń fa eruku jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀rọ afaruku tí ó bá ju 900 wáàtì lọ, wọn kò sì padà sí ìgbálẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó sàn ju ti aládùúgbò lọ kò tó 1,000 wáàtì. Ẹ̀rọ 1,200 tàbí 1,500 wáàtì yóò fún un lọ́rùn pa. Bí iná ìjọba kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní àdúgbò yín, ẹ wá ẹ̀rọ tí kò ju 600 wáàtì lọ, tàbí èyí tí ó ní bátìrì tí a lè gba iná sí nígbà tí iná bá wà.

Ẹ má sì bẹ̀rù owó iná jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tí wọ́n wà ní ìsọ̀rí A láti náírà 68 sí náírà 225, mo ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ 1,000 wáàtì tí a lò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ ààbọ̀ yúníìtì, ìyẹn náírà 112 àti ààbọ̀. Bẹ́tiróòlù ni ó ń dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lápò, pàápàá láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti dópin. Bí ẹ bá sì tan jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má ṣe sá fún eruku kí ẹ lọ kó sí ọwọ́ ikú.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ọlọ́run bá yín ṣe é, ọjà Àlàbá kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n. Bí apá bá ń ro yín kí ẹ tó kà á tán, kò fúyẹ́ fún yín, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí. Ẹ ní kí ó tan án níbẹ̀, lójú yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀. Bí kò bá fa ọwọ́ yín mọ́ra gírígírí, ọ̀pá ti ya níbì kan tàbí mọ́tò ti rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo wáyà láti orí dé ìdí, bóyá ó ti bó. Lẹ́yìn náà ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè tí ó máa ń mú wọn dákẹ́: "Níbo ni mo ti lè rí àpò rẹ̀, asẹ́ rẹ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀ rà?" Ẹ̀rọ tí kò ní ohun ìpààrọ̀ dà bí ẹṣin tí kò ní koríko. Èyí tí àpò àti asẹ́ rẹ̀ ṣeé fọ̀ ni ó dára jù fún wa. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá délé, ìlò ni ó kù. Ẹ rọra tì í lọ, kí ẹ sì rọra fà á bọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń sáré kò fún afẹ́fẹ́ láyè láti gbé eruku. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Nígbà ọyẹ́, kí ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ìta ni kí ẹ ti máa da àpò rẹ̀ nù, kí ọmọ tí ń wúkọ́ má sì sí nítòsí. Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀, nítorí iná tí ó bá padà wá lójijì lè ba mọ́tò jẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ eruku gbígbẹ fa omi láé. Iná lè mú ènìyàn.

Ní ti àbàwọ́n, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n kúrò. Epo pupa, ẹ da pọ́dà lé e kí ó fa epo mu, ẹ gbá pọ́dà kúrò, kí ẹ tó fi omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ ọmọ, ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ yóò fi fà á mu, kí ẹ tó lo omi. Láti etí àbàwọ́n ni kí ẹ ti máa wọ àárín, kí ó má baà fẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe da Jik sórí ìtọ̀, ẹ má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan. Atẹ́gùn olóró ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ má sì sọ pé ọṣẹ púpọ̀ ni ìmọ́tótó púpọ̀: ọṣẹ tí ó bá ṣẹ́kù sínú òwú ni yóò tún pe ìdọ̀tí mìíràn wá.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí rọ́ọ̀gì gbẹ. Rọ́ọ̀gì tí ó bá tutù ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ yóò hu èébu, yóò máa rùn, èébu yìí náà sì ń fa ikọ́. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìfọ̀ rọ́ọ̀gì, láti ìparí oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ wàràwàrà, ẹ fa eruku nìkan, ẹ fi omi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Dókítà fún un ní oògùn, a sì ń lò ó bí ó ti wí, nítorí ẹ̀rọ kì í ṣe dókítà. Ní ti ilé, a gbé rọ́ọ̀gì kúrò ní yàrá tí ó ń sùn, a fi sìmẹ́ǹtì lásán sílẹ̀ níbẹ̀, a sì tẹ́ ẹní kan tí ó ṣeé gbọ̀n. Fún pálọ̀, mo ra ẹ̀rọ aláìlo-iná kan tí ìyàwó mi ń tì lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí owó tún rọ̀ mí lọ́rùn, mo ra ẹ̀rọ afaruku kékeré kan, 600 wáàtì, tí asẹ́ rẹ̀ dára. Àwa àti àwọn ará ilé wa mẹ́ta ni a jọ ni ẹ̀rọ ìfọ̀. Ohun kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ sì ṣiṣẹ́ bí gbogbo wọn: ẹnu ọ̀nà ni olúkúlùkù ń bọ́ bàtà sí. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, ikọ́ òru kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọmọ náà ń sùn, àwa náà ń sùn.

Gbogbo owó ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lọ́dọ̀ wa báyìí kò tó owó ẹ̀rọ ńlá tí ó jóná. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ wo ìdọ̀tí yín, ẹ wo iná àdúgbò yín, ẹ wo apá ẹni tí yóò máa tì í, ẹ sì wo àpò yín. Èyí tí ó bá bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu ni tiyín, bí ó tilẹ̀ kéré lójú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ nìyí: bí ẹ bá dé ilé, ẹ wá gbogbo ohun tí ó ń lo iná níbẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wọn, kí àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ ka fóòtì àti wáàtì tí a kọ sí ara wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà, ọlọ́jà kan kò ní lè ta ẹ̀rọ jíjóná fún baba rẹ̀.

Ó dàbọ̀ o. Kí ilé wa kí ó tù wá lára.